Ìkọ́ Akoto Nílé Bórquez

Akoto kan wà lára ògiri yàrá ìjẹun ilé Bórquez tí gbogbo ìlú Quilén mọ̀ ju fọ́tò ààrẹ orílẹ̀-èdè lọ. Akoto panápaná ni. Awọ dúdú tó le koránkorán ni wọ́n fi ṣe é, idẹ wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì fín orúkọ Ẹgbẹ́ Panápaná Kìíní sára idẹ náà. Bàbá àgbà tó dá Báńkì Quilén sílẹ̀ ló kọ́kọ́ dé e. Lẹ́yìn tirẹ̀, Don Eleuterio ọmọ rẹ̀ dé e fún ọgbọ̀n ọdún. Orí ìkọ́ irin kan ṣoṣo ló ń gbé, ọjọ́ àjọ̀dún ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbé e lé lórí lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò tún béèrè ta ni yóò jókòó sórí àga ọ̀gá àgbà báńkì.

Kò sí nínú ìwé òfin kankan o. Ṣùgbọ́n àwọn olùdarí báńkì méjèèje, panápaná ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ panápaná lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ iyì ni. Apòògùn, agbẹjọ́rò, oníṣòwò igi, bí fèrè bá ti dún, wọ́n á ju ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀, wọ́n á sáré. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni àwọn méje yìí ń jẹun pọ̀ ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, kí wọ́n sì tó jẹ ẹran inú àwo tán, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ báńkì. Ohun tí wọ́n bá fọwọ́ sí ní Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti jẹ ẹ́ lẹ́nu ní Ọjọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ náà kì í sì í gba obìnrin. Bí obìnrin bá wọ gbọ̀ngàn yẹn, ọ̀nà ilé ìdáná ló gbà wọlé, àwo ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún méjìlélógún gbáko ni Otilia, àkọ́bí Don Eleuterio, ti ń fi òróró pa akoto náà.

Ní òwúrọ̀ Sátidé àjọ̀dún, ọdún kẹrin lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá, ó gun àga, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó gbé e sórí itan bí ìgbà tí èèyàn gbé ọmọ. Òjò kò tíì rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ohun tó ṣọ̀wọ́n ní gúúsù wa níbí, afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ń gbọn fèrèsé jìgìjìgì. Otilia rọra ń pa òróró náà yí ká, ó ń ronú orí tí wọ́n máa gbé e lé. Fermín, àbúrò rẹ̀ tó fi ọdún méje jù lọ. Fermín tó ti Santiago dé ní ọdún méjì sẹ́yìn pẹ̀lú bàtà tó ń dún kọ́kọ́ àti àṣà kí ó máa fọwọ́ gbá èèyàn léjìká. Òun Otilia ló mọ àgbẹ̀ tí màlúù rẹ̀ ti dáwọ́ wàrà dúró, òun ló mọ opó tó lè tún ilé kọ́ àti ọkùnrin tó máa fi owó báńkì ra ẹṣin. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn gbogbo àdúgbò nítorí iṣẹ́ báńkì, nínú ẹrẹ̀, nínú òjò. Orí Fermín ni akoto máa wọ̀.

Doña Clorinda, ìyá wọn, yọ sí i láti ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò òdòdó lọ́wọ́.

“Otilia, ṣé o fi òróró pa á dé inú? Jẹ́ kó rọ̀ o. Orí Fermín tóbi díẹ̀ ju ti bàbá yín lọ.”

“Orí rẹ̀ tóbi lóòótọ́, Màmá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mi ò rí.”

“O tún ti bẹ̀rẹ̀. Lójú àárọ̀ báyìí?” Ìyá náà gbé òdòdó kalẹ̀. “Àbúrò ẹ ni. Ọmú kan náà lẹ jọ mu. Ṣé kí n ti ìtorí ẹ bí gbogbo wọn ní obìnrin ni?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Màmá.”

“Ojú ẹ sọ ọ́. Dákun, tó bá di ọ̀sán, gbé ojú mìíràn wọ̀. Àwọn èèyàn ń bọ̀.”

Otilia gbé akoto náà padà sórí ìkọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sí ilé ìdáná. Níbẹ̀ ni Zunilda, alásè ilé, ti ń bá ọ̀dọ́ àgùntàn méjì jà. Ọmọ ọdún méjìlá ni Zunilda nígbà tó dé ilé yìí. Òun àti Otilia fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, ibi ààrò yẹn ni wọ́n sì jọ dàgbà sí, ìkan ń jẹ, ìkan ń sè.

“Misiá Otilia, ààrò yìí ti kún,” ni Zunilda wí, ó ń pè é ní ‘misiá’ bí ọmọ ọ̀dọ̀ ṣe ń pe ìyáàfin. “Ẹran nìkan ti gba gbogbo ẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí ìyá mi lókè Arrayán pé kó máa yan mílkáò lọ́hùn-ún gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Láti ìdájí ló ti ń dáná.”

Mílkáò ni àkàrà pòtétò wa, ẹni tí kò bá sì rí i lórí tábìlì lọ́jọ́ àjọ̀dún yóò ní àwọn Bórquez ti ń di ahun. Otilia ló ní kí wọ́n yan ọgọ́rin.

“Ṣé páìpù èéfín ilé yín ò ní wàhálà?”

“Páìpù náà ti gbó, ṣùgbọ́n ìyá mi mọ ọwọ́ ẹ̀.”

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n gbọ́ ohùn Fermín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tẹlifóònù. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nídìí tẹlifóònù yẹn, bí ìgbà tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ ni ilé ìdáná ń gbọ́. Abelardo, awakọ̀ ọkọ̀ panápaná, ló ń bá sọ̀rọ̀.

“Tú omi inú táńkì dànù, Abelardo. Gbogbo ẹ̀! Ṣé o fẹ́ kó máa wúkọ́ gun òkè ọjà bíi ti èṣí, kó máa tu èéfín sí gómìnà lójú? Onífọ́tò ń ti Puerto Montt bọ̀. … Mo mọ̀, mo mọ̀. Tí ìwọ́de bá parí, o lè tún rọ omi sí i. … Èmi ni mo ní kí o ṣe é. Ó dàbọ̀.”

Bàtà rẹ̀ dún kọ́kọ́ kọjá lọ. Zunilda dúró pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

“Misiá, ẹ gbọ́ nǹkan tó sọ?”

“Mo gbọ́.”

“Òkè wa ò ní ẹ̀rọ omi o. Páìpù tí Don Eleuterio ṣèlérí fún wa nígbà ìdìbò, orísun omi aláràbarà tó wà láàárín ọjà yẹn ni wọ́n fi ṣe. Omi inú ọkọ̀ yẹn nìkan la ní. Pẹ̀lú afẹ́fẹ́ yìí?”

Gbogbo ọmọ ilé náà ló mọ òfin bàbá àgbà: táńkì kò gbọdọ̀ gbẹ fún wákàtí kan, ì báà ṣe ọjọ́ ìsìnkú olórí ẹgbẹ́. Don Eleuterio lé ọmọ ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí ẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Don Eleuterio,” ni Zunilda wí. “Tó bá ṣe pé èmi ni, wọ́n á ní kí n mójú tó ìkòkò mi.”

“Fi sílẹ̀ fún mi,” ni Otilia wí. “Màá sọ fún un.”

Ó nu ọwọ́, ó sì lọ ní tòótọ́. Tọkàntọkàn ló fi ń lọ.

Don Eleuterio dúró níwájú dígí nínú yunifọ́ọ̀mù pupa, ikùn rẹ̀ ń bá bọ́tìnnì fa wàhálà. Ó nawọ́ láìwẹ̀yìn.

“Ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ dà?”

Otilia fún un ní ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a so táì. Òun ló ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ ń sọ níta, láti ọjọ́ tí ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Ìlú á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní Don Eleuterio mọ̀ ọ́n sọ.

“O kọ ọ̀rọ̀ báńkì púpọ̀ jù síbí,” ni bàbá wí. “Àgbẹ̀ báyìí, opó báyìí. Yọ ọ́ kúrò. Fi ‘ọmọkùnrin mi’ síbẹ̀. Fi sí i pé ẹ̀jẹ̀ kan náà, akoto kan náà. Àwọn èèyàn fẹ́ràn irú ẹ̀.”

“Bàbá, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ nípa Fermín.”

Ọwọ́ bàbá dúró lórí bọ́tìnnì. “Otilia. Nígbà tí o wá sọ fún mi pé Fermín ń yá oníṣòwò igi yẹn lówó jù, kí ni mo sọ fún ẹ?”

Otilia tún ìdí táì náà ṣe.

“Mo ní owú ló ń jẹ ọ́. Mi ò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ Fermín lónìí. Tó bá di ọjọ́ Ajé, rojọ́ ẹ débi tí o bá fẹ́. Fún táì yẹn díẹ̀ sí i.”

Ó fún un. Ó tiẹ̀ fún un ju bó ṣe yẹ lọ, bàbá sì wúkọ́. Bí ó ṣe ń jáde ni èrò náà wọ inú rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí omi ṣe ń wọ inú bàtà. Kí ló dé tí òun fi máa sọ ọ́ nínú yàrá? Bí òun bá sọ ọ́ níbí, bàbá á pe Abelardo, wọ́n á rọ omi, wọ́n á pa ilẹ̀kùn dé, akoto á ṣì wọ orí Fermín. Ṣùgbọ́n níwájú àwọn olùdarí, lẹ́yìn tí bàbá bá ti gbé ife sókè, kí obìnrin kan tó ń gbé ẹran wọlé kàn béèrè bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan: Fermín, báwo ni omi inú táńkì ti pọ̀ tó? Ìbéèrè lásán. Don Osvaldo Haase, àgbà nínú àwọn olùdarí, kò ní lè gbé e mì. Kò sí ẹni tó máa lè sọ pé owú ni, nítorí ìdáhùn á ti ẹnu Fermín fúnra rẹ̀ jáde.

Ìbéèrè náà dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin. Ó ń lá a kiri ilé.

Ní agogo mọ́kànlá, gbogbo ìlú tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Otilia dúró ní ẹnu géètì pẹ̀lú Doña Ercira, aládùúgbò tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọkọ̀ panápaná yọ, pupa fòò, Fermín dúró lórí àtẹ̀gùn rẹ̀, irun rẹ̀ ń fẹ́. Ó gun òkè ọjà fẹ́ẹ́rẹ́ bí ewúrẹ́, kò wúkọ́, kò tu èéfín. Àwọn èèyàn hó yèè.

“Ẹ wò ó!” ni Doña Ercira pariwo. “Ọdún mẹ́wàá tí ọkọ̀ yẹn ti ń fa ẹsẹ̀! Fermín dé, ó sì yá lára. Ọwọ́ ọmọ yẹn mà dára o. Bí báńkì náà ṣe máa fò nìyẹn.”

“Ó fúyẹ́ ni,” ni Otilia wí.

“Kí lo wí?”

“Mo ní ó rẹwà ni.”

Doña Ercira wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ojú. “Àánú ẹ máa ń ṣe mí, Otilia. Mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé, ká ní ọmọ yẹn jẹ́ ọkùnrin! Gbogbo ọpọlọ yẹn, kò bá orí tó lè dé akoto pàdé.” Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá a lọ́wọ́. “Má bínú o, eré ni mò ń ṣe.”

Otilia náà rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ ń ta á. Nínú gbogbo ìlú, yàtọ̀ sí Fermín àti Abelardo, òun àti Zunilda nìkan ló mọ ohun tó mú ọkọ̀ náà fúyẹ́. Àtẹ́wọ́ tí wọ́n ń pa fún táńkì gbígbẹ ló ń dún gbàgàgbàgà létí rẹ̀, Fermín sì ń tẹrí ba gbà á lọ́tùn-ún lósì.

Nígbà tí ìwọ́de parí, Abelardo fẹ́ wa ọkọ̀ lọ síbi odò láti rọ omi. Otilia gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara rẹ̀ nígbà tí Fermín dá a dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn.

“Jẹ́ kó dúró síbí kí àwọn àlejò máa wò ó. Onífọ́tò fẹ́ ya èmi àti Bàbá níwájú ẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ.”

“Don Fermín, táńkì ń kọ́?”

“Ta ló ń jóná, Abelardo? Ṣé ìwọ ni? Lọ jẹun.” Ó yí padà, ó rí Otilia. “Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ mà fajúro. Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀ ń sunkún ayọ̀ nítorí mi?”

“Ayọ̀ rẹ ló ń pa mí, Fermín.”

“Ẹ má kú o. Ta ló máa kọ ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ lọ́dún tó ń bọ̀?” Ó gbá a léjìká, ó wọlé. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà, ìyẹn gan-an ló sì burú níbẹ̀: ó gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ilé ìdáná, Zunilda kò gbójú kúrò lórí àwo tó ń nù.

“Misiá, ṣé ẹ ti sọ fún wọn?”

“Ó ku díẹ̀.”

“Mo rí ọkọ̀ níta. Mo rò pé wọ́n ti lọ rọ omi.”

“Zuni, mo ní ó ku díẹ̀. Gbé ẹran yẹn wá.”

Àwọn ọkùnrin jókòó sí yàrá ìjẹun, lábẹ́ akoto. Àwọn ìyàwó wọn wà ní yàrá ìránṣọ pẹ̀lú Doña Clorinda, wọ́n ń mu tíì. Otilia ń wọlé, ó ń jáde. Ó bu ọbẹ̀, ó pín pòtétò, ó bu ọtí ápù sí ife. Don Osvaldo Haase, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, mú un lọ́wọ́ nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, obìnrin yìí ni báńkì o. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ká ní ó lè hu irùngbọ̀n ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá gbé akoto yẹn lé e lórí.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Apòògùn ní òun ní oògùn irùngbọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n tún rín in. Fermín rẹ́rìn-ín débi tí omi jáde lójú rẹ̀. Don Eleuterio rẹ́rìn-ín sínú ife. Otilia dúró láàárín wọn pẹ̀lú àwo ẹran lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, nítorí kí ni èèyàn lè fi ẹnu ṣe nígbà yẹn? Ó wá lọ dúró sẹ́yìn àga Fermín. Ó rí ọrùn rẹ̀ tó mọ́, tí agẹrun ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ó ní sínú ara rẹ̀ pé, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán.

Don Eleuterio dìde. Ó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kan náà, akoto kan náà. Àwọn àgbà kan nu ojú. Ó nawọ́ sí ara ògiri, ó sọ akoto náà kalẹ̀, òórùn òróró tí Otilia fi pa á láàárọ̀ sì gba inú yàrá. Ó gbé e lé Fermín lórí. Ó wọ̀ ọ́ dáadáa. Wọ́n gbé ife sókè.

Otilia gbé àwo ẹran kalẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là.

“Fermín,” ni ó wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Nígbà náà ni fèrè panápaná dún.

Lọ́dọ̀ wa, iye ìgbà tí fèrè bá dún ló ń sọ ibi tí iná wà. Ẹ̀ẹ̀kan, àárín ìlú. Ẹ̀ẹ̀mejì, etí odò. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Kò sí ọmọ kékeré kan ní Quilén tí kò lè kà á lójú oorun. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó sinmi. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Zunilda ti yọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń kà á. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta. Otilia di etí àga mú, ó ní, ó tó, ó tó, jẹ́ kó dúró níbẹ̀.

Ó dún lẹ́ẹ̀kẹrin. Òkè Arrayán.

“Ìyá mi,” ni Zunilda wí. Kò pariwo.

Àga ṣubú, ife fọ́. Àwọn ọkùnrin sáré jáde pẹ̀lú ẹnu tó ṣì kún, Fermín ló ṣíwájú wọn, akoto wà lórí rẹ̀. Abelardo ti ṣáná sí ọkọ̀; nínú ìkánjú náà, kò sí ẹni tó dárúkọ táńkì. Ọkọ̀ náà gun òkè fẹ́ẹ́rẹ́, bó ṣe gùn ún ní agogo mọ́kànlá gẹ́lẹ́, àwọn kan lẹ́bàá ọ̀nà tún pàtẹ́wọ́. Otilia àti Zunilda fẹsẹ̀ sáré tẹ̀lé e. Eruku wọ wọ́n lẹ́nu.

Pákó ni gbogbo ilé òkè Arrayán, wọ́n sì fara kan ara wọn bí eyín. Iná ti yọ láti ibi páìpù èéfín ilé Zunilda, ó ti tẹ́ sórí òrùlé. Àwọn panápaná fa rọ́bà omi jáde, rọ́bà tuntun tí wọ́n fọ̀ funfun fún ìwọ́de, méjì nínú wọn di ẹnu rẹ̀ mú, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí ó ti yẹ. Abelardo ṣí ẹ̀rọ. Rọ́bà náà mí, ó gbọ̀n, ó tu afẹ́fẹ́ jáde, lẹ́yìn náà ó sùn kalẹ̀.

Ìró iná nìkan là ń gbọ́. Abelardo fi ìkúùkù lu táńkì, ó sì dún bí agbè tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

“Omi dà?” ni obìnrin kan béèrè. Ohùn rẹ̀ kàn ń béèrè ni, bí ẹni tó rò pé wọ́n gbé e pamọ́ síbì kan.

Wọ́n to korobá láti ojúsun ìsàlẹ̀, ọkùnrin, obìnrin, àwọn olùdarí nínú yunifọ́ọ̀mù pupa. Ilé tó tẹ̀lé e nìkan ni wọ́n fi rí gbà là; ti Zunilda kò ṣeé gbà. Fermín wọ inú ilé Zunilda, kí a má purọ́ mọ́ ọn. Ó wọ inú èéfín, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde lórí èjìká, ojú rẹ̀ dúdú, irun ọwọ́ rẹ̀ jó. Onífọ́tò ará Puerto Montt wà níbẹ̀. Ó yà á.

Ìyá Zunilda jókòó sórí òkúta kan lọ́nà jíjìn díẹ̀, láàárín àwọn aládùúgbò. Agbọ̀n ńlá kan wà lórí itan rẹ̀, ó fi aṣọ funfun bò ó. Zunilda kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lára kiri.

“Ìyá, kí lẹ gbé jáde? Ṣé ìwé ilé ni? Ṣé fọ́tò Bàbá ni?”

“Mílkáò ni,” ni ìyá arúgbó wí. “Ọgọ́rin ló pé. Ti Don Eleuterio ni, mi ò lè jẹ́ kó jóná.”

Otilia yíjú sí ibòmíràn.

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, àwọn olùdarí ti padà sí yàrá ìjẹun. Èéfín ń rùn lára gbogbo wọn. Zunilda ti wọ ilé ìdáná; ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ aládùúgbò lókè, òun sì ní àwo ń bẹ láti kó. Kò sí ẹni tó ní kó má wá, kò sì sí ẹni tó ní kó wá. Don Eleuterio kò jókòó. Ó pe Abelardo wá síwájú tábìlì.

“Ta ló tú omi inú táńkì dànù?”

Abelardo ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo Fermín, ó tún wo ilẹ̀.

“Abelardo,” ni Fermín wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, “ṣé mi ò sọ fún ẹ pé kí o rọ omi sí i tí ìwọ́de bá ti parí?”

“Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Don Fermín.”

“Ṣé mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?”

“Ẹ sọ ọ́.”

Otilia dúró ní ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, tẹlifóònù, òkè ọjà, onífọ́tò. Ìbéèrè tó ń lá bí oyin láti àárọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́ jáde, ìbéèrè kan péré ló tẹ̀lé e: ìwọ ń kọ́, ìgbà wo lo mọ̀? Ó mọ̀ pé Zunilda dúró lẹ́yìn òun pẹ̀lú àtẹ lọ́wọ́. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó pa ẹnu dé.

“Fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kalẹ̀,” ni Don Eleuterio wí fún Abelardo. Abelardo fi í kalẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Don Osvaldo Haase lu tábìlì. “Ẹ jẹ́ ká gbójú sókè. Ta la rí tó wọ inú iná lónìí? Ṣé a tún ní láti dúró di Ọjọ́bọ̀ ká tó mọ ọ̀gá àgbà báńkì wa?” Wọ́n ní ó di Fermín, ó di Fermín. Fermín fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní báńkì máa kọ́ ilé tuntun fún Zunilda, ilé onípáànù, wọ́n á sì fi orúkọ bàbá àgbà sára ògiri iwájú ẹ̀.

“Àti pé, ẹ̀gbọ́n mi Otilia ni mo fi ṣe alága ìgbìmọ̀ àwọn ìyá tó máa bójú tó iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tó mọ òkè yẹn bí wọn.”

Àtẹ́wọ́ dún. Àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un nínú yàrá yẹn.

“Ẹ ṣé,” ni Otilia wí.

Wọ́n gbé agbọ̀n mílkáò wọlé. Ebi ń pa wọ́n. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ní ó dùn, ó kàn ń rùn èéfín díẹ̀ ni, ìyẹn náà sì bá a mu. Nígbà tí àlejò ìkẹyìn jáde, tí Fermín sì ti gbé akoto lọ han ìyàwó rẹ̀, Zunilda kó àwo tó kù. Ó nu tábìlì láti ìkángun kan dé èkejì, kò yára. Lẹ́yìn náà ni ó dúró níwájú Otilia.

“Misiá, láàárọ̀, ẹ ní kí n fi sílẹ̀ fún yín.”

Otilia kò lè gbé ojú rẹ̀ sókè.

“Mo fi í sílẹ̀,” ni Zunilda wí.

Ó tú okùn aṣọ ìdáná rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin. Ó gun àga tí Otilia gùn láàárọ̀, ó sì gbé aṣọ náà kọ́ sórí ìkọ́ akoto. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu orí àga níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde. Láti ọmọ ọdún méjìlá tó ti wà nínú ilé yẹn, kò gbà á rí.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Doña Clorinda tó wọlé.

“Kí ni ìyẹn? Ta ló gbé àkísà sórí ìkọ́ bàbá àgbà yín? Otilia, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí bàbá ẹ tó rí i.”

Otilia gun àga. Ó nawọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì kan aṣọ náà. Ó ṣì tutù níbi tí Zunilda ti nu ọwọ́ sí. Ìyá rẹ̀ dúró nísàlẹ̀, ó ń retí. Otilia sì dúró lórí àga, ọwọ́ nínà, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.